Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Onílé ní Gànmọ̀, Ayálégbé ní Táńkè

Ọ̀rọ̀ ilé ni ó pọ̀ jù nínú lẹ́tà tí a rí gbà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí: ilé tí à ń yá, ilé tí à ń kọ́ tí kò parí, ilẹ̀ tí a rà tí ẹlòmíràn tún ní òun ni òun ni ín. Mo ṣàkíyèsí pé ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó kọ̀wé jẹ́ onílé lásán tàbí ayálégbé lásán. Ní Ìlọrin yìí, ẹni tó ń sanwó ilé ní Táńkè ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ sí Gànmọ̀ ní ẹ̀yìn ìlú. Ẹni tó ń gba owó ilé ní Fátẹ̀, òun náà ń yá ilé gbé ní Àbújá nítorí iṣẹ́. Ọmọ agboolé ńlá ní Pàkátà ń gbé yàrá àti pálọ̀ onílé mìíràn ní Gáà-Akanbí. Ìdí nìyí tí n kò fi ní gbè sẹ́yìn onílé tàbí ayálégbé nínú ìdáhùn mi. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò, a sì gé díẹ̀ nínú lẹ́tà wọn.

Ṣé kí á kó wọ ilé tí kò tíì parí?

*Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan nítòsí Post Office. Èmi, bàálé mi àti ọmọ mẹ́ta ń gbé fúláàtì oníyàrá méjì ní Táńkè. ₦280,000 ni à ń san lọ́dún tẹ́lẹ̀, onílé sì ti kọ̀wé pé ₦450,000 ni láti oṣù tó ń bọ̀. Ọkọ mi ní ilé kan tó ti kọ́ dé líńtẹ̀lì ní Gànmọ̀. Ó ní kí á fi owó tí à bá san yìí kan páànù, kí á kó wọlé bẹ́ẹ̀, kí á sì máa parí ìyókù díẹ̀díẹ̀ láti inú ilé. Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni kí á ṣe?* — Olùkọ́ obìnrin, Táńkè

Ẹ ǹlẹ́ o, ìyá wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí owó ilé fi ń gòkè bẹ́ẹ̀ ní Táńkè, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé onílé tàwọn nìkan ni ó le. Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ni ó sọ ọ̀nà Táńkè di ohun tí ó dà lónìí. Ibùsùn inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà kò lè gba gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, àwọn yòókù sì ń wá yàrá láti Tipper Garage títí dé Òkè-Òdó. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta lè da owó pọ̀ gba yàrá kan, kí òbí mẹ́ta sì san án lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdílé tiyín, owó oṣù ènìyàn méjì péré ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, ọmọ mẹ́ta sì ń jẹun nínú rẹ̀. Onílé tó bá pín fúláàtì oníyàrá méjì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ju ohun tí ẹ ń san lọ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ ń bá du ilé yìí, wọ́n sì pọ̀ jù yín lọ. Ẹ lè bẹ onílé yín pé kí ó pín àfikún náà sí ọdún méjì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí pé yóò padà sí ₦280,000.

Ohun tí ọkọ yín ń rò kò burú. Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ jáde láàárọ̀, yóò rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí wọ́n ń gbé láìtíì rẹ́ ògiri rẹ̀, tí aṣọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbẹ lórí okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì yanrìn, tí wọ́n sì fi páànù àlòkù dí ojú fèrèsé yàrá tí wọn kò tíì lò. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ilé ní Gànmọ̀, ní Àmọ́yọ̀ àti ní ìhà Ẹyẹnkọrin ṣe di ilé. Níwọ̀n ìgbà tí ó ṣòro fún òṣìṣẹ́ láti rí owó ìkọ́lé yá ní báńkì, inú bulọ́ọ̀kù ni ọ̀pọ̀ wa ń tọ́jú owó sí: a kó àjọ, a fi gún bulọ́ọ̀kù, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá wa lówó, a fi ra páànù. N kò rí ohun ìtìjú kankan nínú kí ènìyàn kó wọ ilé tí kò tíì parí. Ìṣirò ni mo fi yàtọ̀ sí ọkọ yín. Ó ka owó ilé, kò ka owó ọkọ̀.

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ni ó ń gbọ́n àpò àwọn tó ń gbé ẹ̀yìn ìlú gbẹ. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní àfikún tí ẹ̀yin, ọkọ yín àti àwọn ọmọ yóò máa san lójúmọ́, ju èyí tí ẹ ń san láti Táńkè lọ, kò ju ₦1,500. Ní ọjọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, ₦33,000 nìyẹn. Ní ọdún kan, ₦396,000. Ẹ wá fi wé ₦450,000 tí ẹ ń sá fún. Bí ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ bá dín in kù díẹ̀, omi tí ẹ óò máa rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò gba èyí tí ẹ rí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Omi ẹ̀rọ ìjọba láti Asa Dam kò dé ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun. Orí àpáta ni Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀ wà, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì rí bákan náà láti pulọ́ọ̀tì kan sí èkejì: kànga ẹnìkan lè ní omi yíká ọdún, kí ti ẹni tí wọ́n jọ pín ògiri gbẹ táútáú kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹni tó bá lọ wo omi Gànmọ̀ nígbà òjò ń tan ara rẹ̀ jẹ. Oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún ni kí ẹ lọ, kí ẹ ní kí àwọn tó yí ilé yín ká jẹ́ kí ẹ yọjú wo inú kànga wọn. Ní ti iná, ẹ bi ẹgbẹ́ onílé àdúgbò náà bóyá òpó ti dé ojúlé yín, kí ẹ sì béèrè iye tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń san, torí pé ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tuntun, àpò àwọn onílé ni wọ́n ti ra òpó, wáyà àti tiransifọ́mà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn jẹ nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe kó wọ ilé yẹn ní oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ má sì ṣe san ₦450,000 ní Táńkè. Ẹ lọ yá ilé ní Gànmọ̀ fún ọdún kan, níbi tí ẹ ti lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí ẹ ń kọ́. Owó ilé ibẹ̀ kò tíì dé ibi tí ti Táńkè dé, torí pé akẹ́kọ̀ọ́ kò tíì kún ibẹ̀. Ọdún kan yẹn yóò fi owó ọkọ̀ gan-an hàn yín, ẹ óò sì rí ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko níbẹ̀. Ọkọ yín yóò sì máa rí bíríkìlà rẹ̀ lójoojúmọ́. Àpò sìmẹ́ńtì máa ń rìn lọ fúnra rẹ̀ níbi tí onílé kì í dé àfi ní ọjọ́ Sátidé. Owó tí ẹ bá rí mú kúrò nínú ₦450,000 lẹ́yìn owó ilé àti owó ọkọ̀, ti páànù ni. Kí ẹ tó kó wọlé, kí òrùlé ti bò ó, kí ilẹ̀kùn àti irin ojú fèrèsé wà ní àwọn yàrá tí ẹ óò lò, kí ilé ìgbẹ́ àti kòtò rẹ̀ ti parí, kí kòtò náà sì jìnnà sí kànga. Sílíìnì, táìsì àti ọ̀dà lè dúró di ọdún mélòó kan. Ilé ìgbẹ́ kò lè dúró.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí ẹ kò bi mí. Orúkọ ta ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀ yẹn? Bí owó oṣù yín bá máa kan páànù, ó tọ́ kí orúkọ yín wà nínú ìwé náà, kí ẹ sì bá ọkọ yín sọ ọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó wọlé.

Ọdún méjì tàbí oṣù kan

*Onílé mi ní kí n san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n kó jáde láàárín oṣù kan. Ọ̀rẹ́ mi ní òfin kọ̀ kí onílé gbà ju owó ọdún kan lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?* — Ayálégbé, Fátẹ̀

Òfin tí ọ̀rẹ́ yín gbọ́ nípa rẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ni. Kò dé Fátẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àdéhùn tí ẹ̀yin àti onílé jọ ṣe ni a ó kọ́kọ́ wò.

Ti oṣù kan yẹn ni onílé yín ti ṣìnà. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé ọlọ́dọọdún, tí àdéhùn yín kò sì sọ ohun mìíràn, ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni ó yẹ kí ó fún yín. Lẹ́yìn tí oṣù mẹ́fà bá pé, yóò tún kọ ìwé ọjọ́ méje pé òun ń lọ gba ilé òun ní kóòtù, adájọ́ ni yóò sì pàṣẹ kí ẹ jáde. Ẹ kíyè sí i o: bí ìwé àdéhùn yín bá ti dá ọjọ́ tí ilé náà parí, tí ọjọ́ náà kọjá, tí kò sì gba owó tuntun lọ́wọ́ yín, ìwé ọjọ́ méje nìkan lè tó. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tí òfin ti ní kí onílé fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí páànù lórí ayálégbé, kí ó gé iná, tàbí kí ó fi kọ́kọ́rọ́ tuntun tì í mọ́ta.

Bí ẹ bá ní owó ọdún méjì náà lọ́wọ́, n kò ní kí ẹ sáré kọ̀ ọ́. Bí onílé bá gbà láti kọ ọ́ sínú ìwé pé iye kan náà ni fún ọdún méjèèjì, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ àfikún ọdún tó ń bọ̀. Bí kò bá gbà láti kọ ọ́, ẹ má san án.

Ilẹ̀ tí a rà lábẹ́ igi ẹ̀mì

*Télọ̀ ni mí ní Ọjà-Ọba. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní ìhà Ẹyẹnkọrin lọ́wọ́ ọmọ ẹbí tó ni ilẹ̀ náà. Ó kọ ìwé fún mi. Ẹ̀dà rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo fẹ́ gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn mìíràn láti inú ẹbí kan náà dé, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ sí i, pé kí n tún ilẹ̀ rà. Ejẹ́ǹtì ní kí n fún àwọn ọ̀dọ́ wọn ní owó díẹ̀, pé wọn yóò fi mí sílẹ̀. Àwọn kan tún gbà mí níyànjú pé kí n gbẹ́ ẹ lóru.* — Télọ̀, Ìlọrin

Mo ti ka ìwé náà. Ojú ewé kan ni, tí wọ́n ya láti inú ìwé àjákọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n fi báírò kọ orúkọ yín sí, pẹ̀lú iye owó, àti “ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ẹ̀mì ojú ọ̀nà”. Ẹnìkan tẹ̀ka sí i. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ejẹ́ǹtì yín náà ni. Kò sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, kò sí nọ́ńbà òkúta ààlà, kò sí orúkọ olórí ẹbí. Bí wọ́n bá gé igi ẹ̀mì yẹn lọ́la, ilẹ̀ yín kò ní àdírẹ́sì mọ́.

Òfin ti yanjú irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Olórí ẹbí pẹ̀lú àwọn àgbà tó ṣojú fún ojúlé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n jọ ń ta ilẹ̀ ẹbí. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìsọ fún àwọn yòókù, ẹni tó rà á ṣì ní nǹkan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí lè lọ sí kóòtù kí wọ́n sì fagi lé títà náà. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni ẹni náà rà. Nítorí náà, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú ni bóyá ẹni tó tẹ̀ka sí ìwé yín ni olórí ẹbí. Bí kì í bá ṣe òun, gbogbo owó tí ẹ bá fún àwọn ọ̀dọ́, inú agbọ̀n ni ẹ ń pọn omi sí. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn yóò dé lọ́dún tó ń bọ̀. Ti gbígbẹ́ ìpìlẹ̀ lóru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bulọ́ọ̀kù tí ènìyàn fi òru tò ni wọ́n máa ń fi ọ̀sán wó.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni, màá mú lọ́yà dání lọ bá olórí ẹbí náà àti Mágàjí tàbí baálẹ̀ àdúgbò, kí n sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fọwọ́ sí títà náà kí ó di ti gbogbo ẹbí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba owó díẹ̀ lé e. Yóò dùn yín, ṣùgbọ́n ìwé tí gbogbo ojúlé fọwọ́ sí ni ẹ ń ra. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, ẹni tó gba owó yín lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ni kí ẹ lé, ẹ má ṣe lé ilẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń ra ilẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa kì í sábà rántí. Nítorí pé abẹ́ Àríwá ni Ìlọrin wà nígbà ìjọba òyìnbó, òfin ilẹ̀ Àríwá ti 1910 ti fi ilẹ̀ sábẹ́ àkóso Gómìnà, tipẹ́tipẹ́ kí ará Ìbàdàn tàbí ará Abẹ́òkúta tó gbọ́ irú rẹ̀. Òfin 1962 tẹ̀ lé e, kí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 tó wá sọ ọ́ di ti gbogbo Nàìjíríà. Lábẹ́ òfin yìí, ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni à ń ní. Gómìnà ni ó ń fúnni ní ẹ̀tọ́ náà ní ìlú ńlá, ìjọba ìbílẹ̀ ní ìgbèríko. Síbẹ̀, ẹbí ṣì ni ó ń ta ilẹ̀ títí di òní, rìsíìtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń gbà lọ ilé. Àárín òfin yẹn àti àṣà yìí ni ìjà ilẹ̀ ẹ̀yìn Ìlọrin ti ń jáde.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ yín wà. Gbogbo wa ń pe ara wa ní ará Ìlọrin, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Asà ni Ẹyẹnkọrin wà, Afọ́n sì ni olú ìlú rẹ̀; Gànmọ̀ wà lábẹ́ Ìfẹ́lódùn, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ṣàárẹ́; Táńkè wà lábẹ́ Gúúsù Ìlọrin, Fúfù ni sẹkitéríàtì rẹ̀. Ìwé ilẹ̀ tí ènìyàn bá lọ gbà ní ìjọba ìbílẹ̀ tí kì í ṣe ti ilẹ̀ náà, kò wúlò ju kí á fi dáná lọ.

Kí ẹ tó tún san kọ́bọ̀ kan, ẹ wá sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ kí ó wọn ilẹ̀ náà, kí ó rì òkúta ààlà sí igun rẹ̀, kí ó sì ṣe ìwádìí bóyá kò bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ọ̀dọ̀ KW-GIS, àjọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wa lórí kọ̀ǹpútà, ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ má fojú kékeré wo èyí, torí pé bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, ohun tí òfin 1978 ní kí wọ́n sanwó rẹ̀ ni ilé tó wà lórí rẹ̀ àti irè oko. Owó ńlá tí ẹ fi ra ilẹ̀ òfìfo kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí èyí: pulọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà ní Ìlọrin sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní fífẹ̀ àti 100 ní gígùn, ààbọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ 50 sí 50. Bí ẹ bá yọ àyè tí òfin ní kí ẹ fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ẹ ro ibi tí kòtò ìgbẹ́ yóò wà àti ibi tí kànga yóò wà. Kí ẹ tó kọ́lé, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí kòtò ìgbẹ́ aládùúgbò yín wà.

Kí n sọ ilé mi di ti akẹ́kọ̀ọ́?

*Mo ti fẹ̀yìntì. Búńgálọ̀ oníyàrá mẹ́rin ni mo kọ́ sí Òkè-Òdó, àwọn ọmọ mi sì ti kúrò nílé tán. Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n pín in sí sẹ́lífù-kọ́ńtéènì mẹ́fà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣé ó bójú mu?* — Alhaji, Òkè-Òdó

Alhaji, owó wà nínú rẹ̀, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2022, nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì da iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ilé tó bá jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó ń gbé e, kò sí owó tuntun tí yóò wọlé sí i nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, owó ìtọ́jú rẹ̀ kò sì ní dúró. Ilé ìgbẹ́ mẹ́fà kì í ṣe ilé ìgbẹ́ méjì. Kòtò tí ẹ gbẹ́ fún ìdílé kan yóò kún kí ọdún tó yí po, kànga kan ṣoṣo kò sì ní tó. Bí mo bá jẹ́ yín, màá fi apá kan ilé náà sílẹ̀ fún ìdílé kékeré kan tàbí òṣìṣẹ́, kí n sì ṣe apá kejì fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé kí ẹ tó wó ògiri kankan, kí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú má baà wá fi ọ̀dà pupa kọ̀wé sára ilé yín.

Ta ni ó ni ilé bàbá wa?

*Bàbá wa kú, ó fi ilé ńlá kan sílẹ̀ ní Pàkátà. Ìyá wa, ìyàwó rẹ̀ kan ṣoṣo, wà láyé. Ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin méjì ni àwa ọmọ. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní àwa tí a ti kọ́lé sí Mándéètì kò ní nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, ó sì ń dá gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn tó yá ṣọ́ọ̀bù iwájú àti yàrá ẹ̀yìn.* — Ọmọ ilé, Mándéètì

Ó dùn mí láti kà á. Irú rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i ní àárín ìlú. Àwọn ọmọ ń kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú nítorí ibi tí ọkọ̀ lè wọ̀ àti yàrá tí afẹ́fẹ́ lè gbà. Ojú agboolé ń di ṣọ́ọ̀bù, àlejò ń gba yàrá, ẹni tó kù sílé sì wá ń ṣe bí ẹni pé òun nìkan ni bàbá bí.

Ilé tí ẹ kọ́ sí Mándéètì kò yọ ogún kúrò lọ́wọ́ yín. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ jẹ́ ìdílé mùsùlùmí, bí àwọn òbí bàbá yín kò bá sí láyé mọ́, tí ẹ sì ti san gbèsè tó jẹ àti ohun tó bá fi ṣe wàsíyà, bí ìpín náà ṣe rí nìyí: ìyá yín ní ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìyókù di tiyín, ọkùnrin kan sì ń gba ìlọ́po méjì obìnrin kan. Bí wọ́n bá gba ₦64,000 lọ́wọ́ àwọn tó yá ilé, ₦8,000 ni ti ìyá yín, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦14,000, obìnrin kọ̀ọ̀kan gba ₦7,000. Kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí àgbà gbà ju èyí lọ. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń gbé inú ilé náà tí ó sì ń tún un ṣe, ó tọ́ kí ẹ yọ owó àtúnṣe sílẹ̀ kí ẹ tó pín. Kí ó mú rìsíìtì wá, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ bá Mágàjí ilé yín àti alfa tó mọ̀ nípa ogún pípín. Bí kò bá gbọ́, Area Court wà, wọ́n máa ń pín ogún. Ẹni tí ìdájọ́ wọn kò bá sì tẹ́ lọ́rùn lè gbé e dé Sharia Court of Appeal ìpínlẹ̀ wa. Bí ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mándéètì bá fẹ́ yọ̀ǹda ìpín tiyín fún ẹ̀gbọ́n, ọrẹ ni ẹ ta á, ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ìyá yín, ẹ má bá a yọ̀ǹda rẹ̀.

Owó tí wọ́n ń yọ fún ilé

*Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Ọ̀fà ni mo ti wá, Ìlọrin ni mo ń gbé. Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó NHF kúrò nínú owó mi. Ṣé mo lè fi kọ́lé? Kí sì ni ẹni tí kò fẹ́ èlé lè ṣe?* — Òṣìṣẹ́ ìjọba, Ìlọrin

Òfin 1992 ni ó dá owó náà, National Housing Fund (NHF), sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilé: ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìpìlẹ̀ yín ni wọ́n ń yọ, Federal Mortgage Bank of Nigeria sì ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ti dá a fún oṣù mẹ́fà lè béèrè fún owó ìkọ́lé tàbí ìràlé, ní èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, kí ó sì san án padà fún ọdún tó lè gùn dé 30, bí ọjọ́ orí rẹ̀ bá gbà á láyè. Èlé yìí kéré púpọ̀ sí ti báńkì tí a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ilẹ̀ tó dúró lábẹ́ òfin ni wọ́n ń gbà ṣe ìdúró, rìsíìtì ẹbí kò tó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ní ilẹ̀ ní ẹ̀yìn Ìlọrin ti ń já bọ́: ọdún pọ̀ tí wọ́n ti ń dáwó, wọn kò sì lè fi ọwọ́ kan án torí pé wọn kò tíì ṣe C of O, ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tí Gómìnà ń fọwọ́ sí.

Báńkì kan náà ní ètò Rent-to-Own, níbi tí ènìyàn ti ń gbé inú ilé tí owó ilé rẹ̀ sì ń di owó tí ó fi ń ra ilé náà. Ní ti èlé, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà lọ alfa yín. Èmi kì í ṣe mùfútì. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kì í gba èlé wà ní Ìlọrin: wọ́n á ra sìmẹ́ńtì, irin tàbí páànù, wọ́n á sì tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tí wọ́n ti jọ fọwọ́ sí, tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀. Ó máa ń lọ́ra, àmọ́ kò béèrè C of O.

Bí ẹ kò bá lo owó NHF yìí títí ẹ ó fi fẹ̀yìntì, tiyín ni, wọn yóò dá a padà pẹ̀lú èlé díẹ̀ lórí rẹ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ mú ìwé owó oṣù yín, ẹ béèrè nọ́ńbà NHF yín ní ọ́fíìsì tó ń san owó oṣù yín, kí ẹ sì lọ sí ẹ̀ka báńkì náà kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ yín jáde. Oṣù tí wọ́n yọ owó tí kò sì sí nínú àkọsílẹ̀, ẹ sàmì sí i, kí ẹ kọ ìwé sí ọ́fíìsì yín nípa rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà pa mọ́.